Mo Dá Mọ́tò Wà Lọ sí Òkè Kírìjì

  Ó pẹ́ tí akọ̀wé wa ti ń lọ́ mi létí pé kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn yìí, tí mo ń dá a lóhùn pé n kò rí nǹkan kọ. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, ló wá fún mi ní ohun tí mo máa kọ.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé Ìbàdàn ni mo ń gbé, ọmọ Ìbàdàn sì ni ìyàwó mi. Ní ọjọ́ Àìkú kan, a lọ kí bàbá ìyàwó mi. Bàbá ń sọ ìtàn ogun fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ sì kan Kírìjì. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọmọ yìí sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn mọ́tò: "Dádì, Bàbá ní àwọn bàbá ńlá wọn bá àwọn bàbá ńlá yín jà. Ta ló borí? Àwa ńkọ́, ẹ̀yìn ta ni àwa wà?"

Mo ní kó jẹ́ kí n gbájú mọ́ títì. Àmọ́ òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò ní èsì. Èmi tí wọ́n bí sí Ìmẹ̀sí-Ilé, n kò fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ibi tí wọ́n ti ja ogun náà rí. Bí mo bá lọ sílé, ìsìnkú ni mo máa ń bá lọ, tàbí ìpàdé. Alẹ́ ni mo ń dé, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ń gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó nínú wa ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Bí mo ṣe pinnu nìyẹn pé mo máa dá mọ́tò wà lọ sílé, láìsí òkú, láìsí ìpàdé. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ̀yin nìkan? Lójú ọ̀nà òkè yẹn?" Mo ṣèlérí pé n kò ní rìn lóru, pé gbogbo ìlú tí mo bá dé ni mo máa ti pè é. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo jáde nílé.

Mo kọjá Aṣéjìrẹ, ìkùukùu ṣì bo ojú omi. Mo ra dòdò Ìkirè, mo ń jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń lọ. Mo kọjá Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀, mo sì wọ Iléṣà. Ọ̀nà tí àwọn jagunjagun Ìbàdàn gbà lọ sójú ogun kọ́ nìyí o. Ọ̀nà Òṣogbo ni wọ́n gbà bọ́ sí Ìkìrun, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gòkè lọ sí Ìgbájọ. Èmi mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀nà Iléṣà ni, torí mo fẹ́ fi ojú ẹni tó ń bọ̀ láti ìhà tiwa wo òkè náà. Láti Iléṣà, mo gba Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, mo sì gba Ẹ̀sà-Òkè, ìlú olóògbé Bọ́lá Ìgè.

Ojú ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Títì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yà sọ́tùn-ún yà sósì. Oko kòkó àti igi obì wà lápá kan. Ní apá kejì, òkè gígùn kan nà lọ bí ẹ̀yìn ẹranko tó sùn, igbó sì bò ó láti ìdí dé orí. Mo pa rédíò. Mo sí gíláàsì wálẹ̀. Atẹ́gùn tó wọlé tutù ju ti Ìbàdàn lọ.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta mọ òkè yìí dáadáa, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé wọn. Quartzite ni wọ́n ń pe irú òkúta rẹ̀. Ó le púpọ̀, òjò kì í tètè wọ́ ọ lọ. Ilẹ̀ tó yí i ká jẹra díẹ̀díẹ̀ láti ayébáyé, òun dúró. Ìdí nìyẹn tí òkè wa fi gùn lọ gbọọrọ láti ẹ̀bá Iléṣà títí dé Òkè-Ìmẹ̀sí, tí kò rí róbótó bí àwọn àpáta Ìkéré àti Ìdànrè. Èkìtì fúnra rẹ̀, ṣebí òkìtì ni ìtumọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ olókè. Ẹni tó bá wà lórí irú òkè yìí á rí ẹni tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ kí onítọ̀hún tó rí i. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí ogun yẹn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ránnilétí bí ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Ìbàdàn ló di alágbára nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n gba àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, wọ́n sì fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Ajẹ́lẹ̀ ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ fún Ìbàdàn, àmọ́ òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ á tún kó ewúrẹ́, á kó adìyẹ, wọn á sì fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ní ọdún 1878, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fábùnmi kò gbà á mọ́. Ó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó wà níbẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ìlú yòókù pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ààrẹ Látòósà, tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìbàdàn, ní orí Fábùnmi lòun fẹ́. Wọn kò fún un.

Kì í ṣe pé àwọn bàbá wa dìde tí wọ́n sì borí lẹ́ẹ̀kan náà o. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Ìkìrun. Àwọn tó ń sá fún ọ̀tá rọ́ sínú odò Ọ̀tìn, omi sì gbé ọ̀pọ̀ lọ. Ogun Jálumi ni wọ́n ń pè é títí dòní, ẹ̀yin náà sì gbọ́ ohun tí orúkọ yẹn ń wí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Èkìtìparapọ̀ wá le. Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìgbómìnà àti Àkókó fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Wọ́n fi Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ṣe olórí ogun, ọkùnrin tó jẹ́ pé Ìbàdàn gan-an ló ti kọ́ṣẹ́ ogun. Ó mọ ọwọ́ wọn, ó mọ ẹsẹ̀ wọn.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni mo wọ Ìmẹ̀sí-Ilé. Mo kí ẹbí, mo jẹun, mo wá bẹ bàbá kan ládùúgbò wa, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọgọ́rin, pé kí wọ́n mú mi lọ síbi tí mo ti máa rí ọ̀kánkán Ìgbájọ. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ìbàdàn, ṣé ìwọ lè gun òkè?" Àwọn ló ṣáájú mi gòkè, tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí a dúró, bàbá na ọ̀pá wọn síwájú. "Ibẹ̀ yẹn ni Ìbàdàn wà. Ibí ni àwa wà." Àfonífojì ló wà láàrin, igbó wà níbẹ̀, ẹyẹ ń ké. Mo rò pé ó máa jìnnà. Kò jìnnà rárá. Mo lóye nígbà yẹn bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì ṣe lè fojú kan ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó lè lé èkejì. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti gun òkè ẹnìkejì, ìbọn ni yóò bá pàdé.

Ìbọn yẹn ló fún ogun náà lórúkọ. Ìró rẹ̀ láàrin òkè ń dún kí-rì-jì, kí-rì-jì. Níbo ni ìbọn tó ń ké bẹ́ẹ̀ ti wá? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ wa tẹ́tí sí. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ṣakabùlà ló wà lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, ìbọn tí èèyàn á máa ki ẹ̀tù sí lẹ́nu. Àmọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà ní Èkó, tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n padà wá láti Sàró àti Bùràsíìlì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, Èkìtìparapọ̀ ni wọ́n pè é. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìjọba, wọ́n sì ń ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki ọta rẹ̀ láti ìdí, tí ó ń yára yìn. Ọ̀nà Oǹdó, tí Gómìnà Glover ti jẹ́ kí wọ́n tún ṣí ní nǹkan bí ọdún 1872, ni wọ́n ń gbà kó o wọlé. Ìbọn yìí ló dá Ìbàdàn dúró.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí la lè pe ẹgbẹ́ yẹn bí kò ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú? Àwọn tó kúrò nílé tí wọn kò gbàgbé ilé. Wọn kò ní fóònù, wọn kò ní báńkì, lẹ́tà kan lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ́nà. Síbẹ̀ wọ́n dáwó, owó náà sì dé ibi tó yẹ kó dé. Bí wọ́n bá tún ti ń kígbe lórí ìkànnì wa pé ẹ san owó oṣù, tí ẹ ń díbọ́n bí ẹni tí kò rí i, ẹ rántí wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àgọ́ ogun wá di ìlú. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko, wọ́n ń ná ọjà, wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n ń bímọ. Ààrẹ Látòósà kú sí àgọ́ tirẹ̀ ní ọdún 1885, ogun kò tán. Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney rán àwọn oníwàásù méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá, Samuel Johnson àti Charles Phillips, láti máa gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà kiri láàrin àwọn ọba àti àwọn olórí ogun. Johnson yìí náà ló kọ ìtàn Yorùbá tí a ń kà títí di òní. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n kéde àlàáfíà níwájú ẹgbẹ́ méjèèjì. Àdéhùn náà sọ pé Èkìtìparapọ̀ ti gba òmìnira. Ó tún sọ pé Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, àmọ́ kí ẹni tí kò bá fẹ́ láti gbé níbẹ̀ máa lọ. Síbẹ̀ náà, àgọ́ kò tú pátápátá títí di ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter fúnra rẹ̀ wá. Àwa tí à ń sọ pé ogun ọdún mẹ́rìndínlógún, ọdún 1877 la ti ń kà á.

Bí mo ṣe ń ro èyí lọ́kàn, bàbá jókòó sórí òkúta, wọ́n sì sọ ohun tí n kò retí. "Inú àgọ́ yẹn ni wọ́n bí bàbá bàbá mi sí." Mo ní wọ́n kú oríire, pé ọmọ jagunjagun ni wọ́n. Wọ́n mi orí. "Ìyá tó bí i, ọmọ Ìbàdàn ni. Ojú ogun ni wọ́n ti mú un. A kì í sọ ọ́ nílé wa."

Mo dákẹ́. Wọ́n ní, "Orúkọ ìyá yẹn, n kò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi mọ̀ ọ́n. Èmi ni n kò béèrè." Mo bi wọ́n bóyá mo lè kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, kí n má ṣáà kọ orúkọ ilé wọn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ ọ́ o, ẹ má wulẹ̀ pè mí láti bi mí.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí nǹkan mìíràn tí a kì í sọ, àmọ́ èyí, ohun ìyangàn ni. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí mi gbé páànù bisikíìtì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Káàdì ìwọ̀n àkọ́bí wọn ló wà nínú rẹ̀, látìgbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí kíníìkì ọmọdé. Ìyá kò mọ̀ pé káàdì yẹn ti yí ayé ká. Ní ọdún 1956, dókítà òyìnbó kan, David Morley, wá sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé àrùn tó ń pa àwọn ọmọdé, ìgbẹ́ gbuuru, èèyi, òtútù àyà, àìjẹun tó dáa, kò yẹ kó máa pa wọ́n. Ó dá kíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí. Wọ́n ń wọn ọmọ déédéé, wọ́n ń fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì. Ìlà méjì ló wà lórí káàdì náà bí etí títì méjì. Bí àmì ọmọ bá ń gòkè láàrin wọn, ara rẹ̀ le. Bó bá ń yà sísàlẹ̀, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìyá ọmọ ló ń mú káàdì lọ sílé, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọ̀nà Ìlera ni wọ́n pe káàdì yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì, irú rẹ̀ sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lágbàáyé. Àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Mo ya káàdì ìyá ní fọ́tò, mo dá a padà sínú páànù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọrí sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Ọ̀nà náà kò dáa, mo rọra ń wà á ni, àmọ́ ojú mi jẹun. Ìbátan ni Ìmẹ̀sí méjèèjì, ìtàn àwọn àgbà sì so wá pọ̀. Wo bí ayé ṣe pín wa: láti ọdún 1976 ni ìpínlẹ̀ wa ti yàtọ̀. Wọ́n fi wá sí Ọ̀yọ́, wọ́n fi wọ́n sí Oǹdó. Lónìí, Ọ̀ṣun ni wá, Èkìtì ni wọ́n. Ìgbájọ tí a dojú ìbọn kọ, àwa àti wọn la jọ wà ní Ọ̀ṣun báyìí. Fábùnmi tó jà fún wa, ìpínlẹ̀ mìíràn ni ìlú rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ń fi ààlà ìjọba mọ ẹbí rẹ̀ yóò ṣìnà.

Mo bọ́ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ìlú tó wà lórí òkè bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ìlú àwọn agbẹ́gilére ni. Ọmọ ibẹ̀ ni Agbọ́nbíòfẹ́ tó gbẹ́ òpó ààfin, tó sì kú ní ọdún 1945. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá sí ní ọdún 1959. Mo rántí pé kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, awakọ̀ katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì ni. Ẹnu iṣẹ́ títì Iléṣà sí Àkúrẹ́ ló wà ní ọdún 1928 nígbà tí ìpè rẹ̀ dé. Ọ̀nà yẹn gan-an ni mo sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sí. Mo yà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, mo fi omi Olúmirin bọ́jú. Ìpele méje ni omi náà ní. Mo gun méjì, mo ní ó tó. Orúnkún kì í ṣe ti ọmọdé mọ́.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí mo fi dé Ìbàdàn. Ọmọ mi ti ń dúró. Mo mú un jókòó, mo dá a lóhùn báyìí: "O béèrè ta ló borí. Kò sẹ́ni tó borí. Wọ́n rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì jọ gbà pé ó tó. Bàbá ńlá rẹ ní ẹ̀yìn tèmi jà kí ajẹ́lẹ̀ má bàa jẹ gàba lé wọn lórí, ìjà òtítọ́ ni. Àwọn bàbá ńlá rẹ ní ẹ̀yìn Màmá náà jẹ́ akọni. O tún béèrè ẹ̀yìn ta lo wà. Àwọn ọmọ wà láti ìgbà ogun yẹn tí wọ́n ti jẹ́ ti ẹ̀yìn méjèèjì bíi tìẹ. Wọn kò kàn jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ni." Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Nígbà náà, kí lorúkọ wọn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò tún ní èsì. Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí nìyẹn. Bàbá tó mú mi gun òkè kò béèrè lọ́wọ́ bàbá tiwọn, orúkọ ìyá kan sì ti lọ. Mo bẹ̀ yín, kí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀ tó dé, ẹ pe àgbàlagbà kan nílé yín. Ẹ bi í ní ohun tó gbọ́ nípa Kírìjì, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa. Ẹni tí káàdì kíníìkì àtijọ́ bá wà nínú àpótí ìyá rẹ̀, kó yà á ní fọ́tò, kó má sọ ọ́ nù. Kò ná wa ní nǹkan ju dátà díẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá sì ní mọ́tò, ẹ lọ sílé lọ́jọ́ tí kò sí òkú. Ẹ gbéra láàárọ̀, ẹ pa rédíò, ẹ sí gíláàsì wálẹ̀. Òkè ṣì wà níbẹ̀.

Ire o.